Ó Gba Yàrá sí Ọ̀kánkán Ilé Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹni tó bá ń kọ̀wé sílé a máa béèrè bóyá ara le. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ. Ará ilé ṣì wà láàyè, ìyẹn ni mo lè sọ. Màámi ń bu omi sí ìdí igi ọsàn yín láràárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ àga yín ló ń jókòó sí, kì í jókòó sínú ẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú tẹ́ ẹ máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè bá yín nídìí rédíò, a ti ń tì í mọ́rí lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí Fúnmi, àkọ́bí yín, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Káyọ̀dé wá tọrọ rẹ̀? Ó nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú agbádá funfun. Ẹ ní kó dìde, kò dìde, àfìgbà tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni lóòótọ́, Bàámi. Kì í pariwo. Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ kó gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni.

Ọdún kejì tẹ́ ẹ lọ, a ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, la bá Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà. Ó pọn Tóyìn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi gèlè so apá òsì kọ́ ọrùn, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sí i létí.  Omi ni Màámi kọ́kọ́ gbé kaná. Ìgbà tá a bọ́ aṣọ lọ́rùn ẹ̀ la tó rí i pé ti ọjọ́ yẹn nìkan kọ́. Àpá tó ti jinná wà lábẹ́ èyí tó ṣì ń wú. Nígbà tó máa ń wá wò yín ní ọsibítù, tó ń wọ alápá gígùn nínú oòrùn yẹn, Bàámi, ṣé ẹ mọ̀?

A lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Sájẹ́ńtì tó wà nídìí tábìlì wo apá ẹ̀, ó wo ojú Màámi.

“Màmá, ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyí. Ẹ lọ fi àgbà parí ẹ̀ nílé.”

Pásítọ̀ gbàdúrà fún wa, ó sì fẹ́ bá wa sìn ín padà sílé ọkọ. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú apá náà ló fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ní ká lọ rí Ìyáàfin Ọ̀nàdípẹ̀ ní ọ́fíìsì wẹ́fíà. Èmi rò pé ọmọ tí wọ́n gbé sọnù nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Obìnrin gíga kan ni, ó ń wa ọkọ̀ ìjàpá tó ti ṣá. Ó gbọ́ tẹnu Àǹtí tán, kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

“Òfin ò sọ pé ẹni tó bá san owó orí ìyàwó lè fọ́ etí ọmọ ọlọ́mọ,” ló wí. “Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀.”

Ó gbé ìwé dókítà lé tábìlì sájẹ́ńtì, ó sì dúró lé e lórí títí ó fi mú bírò. Bá a ṣe dé kóòtù nìyẹn. Adájọ́ ní kí Káyọ̀dé tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní fọwọ́ kan Àǹtí mọ́, tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀wọ̀n ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kóòtù ìbílẹ̀ tú ìgbéyàwó náà ká, wọ́n sì ní kí Tóyìn máa gbé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Inú wa dùn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn.

Níta kóòtù, Káyọ̀dé wá dọ̀bálẹ̀ fún Màámi.

“Màmá, adájọ́ ti sọ tiẹ̀. Ọmọ yín ṣì ni mí.”

Ó rẹ́rìn-ín sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyáàfin Ọ̀nàdípẹ̀ ò rẹ́rìn-ín padà.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo ti Ayépé tí mo ti ń ṣe tíṣà dé, mo rí àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ń já bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ níwájú ilé Àlàájì Sàláwù, ọ̀rẹ́ yín. Káyọ̀dé ló gbé ìrọ̀rí wọlé. Yàrá iwájú ló gbà, èyí tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí tiwa gan-an.

Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́ ní Òdógbolú, á jókòó sí fàráńdà, á kí Màámi láti òdìkejì títì: “Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Bí Àǹtí bá jáde, á kàn máa wò ó. Kì í sọdá. Kì í sọ̀rọ̀ sí i. Àǹtí, tó ti ń fi aṣọ rírán wá oúnjẹ láti ìgbà tó padà sílé, ò rán aṣọ níwájú ilé mọ́. Nígbà tó yá, kò jáde mọ́ rárá. Bàámi, tẹ́ ẹ bá ti hú ikọ́ yín nígbà yẹn, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀ pé ọkùnrin wà nílé. Ta ni yóò wá húkọ́ báyìí?

Mo lọ bá Àlàájì. Ó ní, “Ọmọ mi, ó ti sanwó ilé. Ó ń kí mi, ó ń bá mi gbálẹ̀ àgbàlá. Kí ni kí n sọ pé ó ṣe tí mo fi lé e?”

Mo lọ bá sájẹ́ńtì. “Kò tíì ṣe nǹkan kan,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kó ṣe é ná.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Kí ló fẹ́ kó ṣe ká tó padà wá? Ìwé tó tọwọ́ bọ̀ ní kó má fọwọ́ kàn án. Kò sọ ibi tí kò gbọdọ̀ gbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tóyìn ti ilé ìwé jẹ́léósinmi dé pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀.

“Dádì ló wọ̀ ọ́ fún mi. Ó ní kí n sọ fún Mọ́mì pé ó ku díẹ̀.”

Kí ló ku díẹ̀? A bi í títí. Ó ń fi bàtà náà jó káàkiri pálọ̀. Àǹtí rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Màámi bá ẹ̀yìnkùlé jáde lọ bá Ìyáàfin Ọ̀nàdípẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Káyọ̀dé wà níbi iṣẹ́, ọkọ̀ ìjàpá náà wá dúró sẹ́yìn ilé wa. Ibì kan wà tí àwọn obìnrin ìjọ kan ti ń gba irú Àǹtí àti ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀. Mi ò ní kọ orúkọ ìlú ọ̀hún síbí, ẹ má bínú. N kì í pè é, kódà nínú àdúrà. Nígbà tí Àǹtí dì mọ́ mi, mo sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí i létí. Ọkọ̀ ti lọ tán kí n tó rántí pé etí tó ti kú ni. Kò gbọ́ nǹkan tí mo sọ.

Káyọ̀dé ò bi wá léèrè ẹnikẹ́ni. Ó ń kí Màámi bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo kórìíra ìkíni yẹn, síbẹ̀ mo máa ń jí dúró dè é, torí bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé kò sí níbòmíràn.

Lánàá, a ò gbọ́ ọ.

Àlàájì sọdá wá tayọ̀tayọ̀. “Ìyá Fúnmi, ẹ ò rí i? Ó ti kó jáde! Ọlọ́run ti bá wa dá sí i.” Ó mú wa lọ wo yàrá náà. Káyọ̀dé ti gbá a mọ́ tónítóní. Mo béèrè ibi tó kó lọ. Àlàájì ní kò sọ, ó kàn ní òun ti rí ohun tí òun ń wá.

Bí Màámi ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájì tán, ẹ̀yìnkùlé ló tún gbà lọ bá Ìyáàfin Ọ̀nàdípẹ̀. Ìyẹn ti wa ọkọ̀ jáde nílùú láti ìdájí òní, ó lọ wo Àǹtí àti Tóyìn. Oòrùn ti ń wọ̀ báyìí, kò tíì dé. Bàámi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí ògiri ò ti dí yín lójú, ọ̀nà wo ni Káyọ̀dé gbà?

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.