Èdè Yín Tí Mo Lọ Kọ́ Lórí Àga Onígbàjámọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwa náà ń mí, a sì ń jẹun, a dúpẹ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kò ní fi ọ́ lé aláìláàánú lọ́wọ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin náà ní kí n kí ọ, ó ní o kì í pe òun. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́, àfi pé ó ti ń kérora kó tó gbéra.

Ọ̀rọ̀ tí o bá ìyá rẹ sọ lórí fóònù lóṣù tó kọjá ló mú mi kọ̀wé. O mọ̀ pé tó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ọ̀nà ìlú ńlá ló máa ń kọjú sí kí ohùn yín má baà ṣìnà. O ní ṣapá ló mú ọ, àmọ́ kò kan ayé, o sì pa fóònù. Ìyá rẹ lọ bá apoògùn, ẹni tí kì í gbà pé òun ò mọ nǹkan, ó ní ṣapá mú ọmọ òun. Ìyẹn bi í bóyá inú ló ti bẹ̀rẹ̀ tàbí àyà. Ìyá rẹ ní àyà ni, torí ohùn rẹ rẹlẹ̀. Ó ta oògùn ikọ́ fún un, ó wà nínú àpótí níbí.

Èmi ní kí n wádìí fúnra mi. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ìkóríta ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ máa ń jókòó sí, àwọn ló gbọ́ èdè yín. Àmọ́ ọkùnrin náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lásán ní ṣọ́ọ̀bù òun, o jókòó, o gẹrun nìyẹn. Bí orí mi ṣe di kodoro nìyẹn o. Ìyá rẹ ní tí mo bá tún lọ, irùngbọ̀n ló kàn.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Lámbà ni irọ́ tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n fi sítáàṣì sí, tí kò ní rún títí á fi dé etí ẹni tí wọ́n ń pa á fún. Yànga ni kí bàtà máa ha èèyàn lẹ́sẹ̀, kó sì máa rìn láàárín títì. Jápa ni kí èèyàn sá lọ sí òkè òkun. Mo bi wọ́n bóyá ìwọ náà wà lára wọn, wọ́n ní rárá, ẹni tó bá wọ bàálù nìkan ni wọ́n ń kà. Mo sọ fún ìyá rẹ, ó ní òun ti ń kà ọ́ mọ́ wọn tipẹ́.

Ṣapá, wọ́n ní, ni kí èèyàn ki ọwọ́ bọ àpò, kó jẹ́ pé ọwọ́ yẹn náà ló máa fà yọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó wá ku “kò kan ayé”, mo tún padà lọ, irùngbọ̀n ló kàn lóòótọ́. Ẹnì kan ní kò ní ìtumọ̀. Onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró, ó ní: “Bàbá, ohun téèyàn ń sọ ni tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún wọra, tí kò fẹ́ kí wọ́n bi òun.” Mo dìde lórí àga, mo lọ sílé. Ẹ̀gbẹ́ kan irùngbọ̀n mi ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Mo wá ń rántí. Mo bi ọ́ nípa ilé ìtẹ̀wé tí o ti ń ṣiṣẹ́, o ní kò kan ayé. Ìyá rẹ bi ọ́ bóyá o ń jẹun, o ní kò kan ayé. A bi ọ́ pé ìgbà wo lò ń bọ̀, èsì kan náà. Ó wá yé mi pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ojú sì ń tì ọ́ láti wálé lọ́wọ́ òfo. Bí kò bá kan ayé, ó kan èmi àti ìyá rẹ. Inú ò bí mi, ó kàn dùn mí pé o dá gbé e.

O mọ̀ pé ibi tí lẹ́tà mi bá ti ń parí lọ ni mo máa ń tọrọ owó. Ìyá rẹ nílò awò ojú, ẹ̀rọ mi nílò bẹ́líìtì, jẹ́ kí wọ́n dúró ná. Owó ọkọ̀ ló wà nínú bébà kékeré tí mo ká sínú èyí, aṣọ ilé ìwé ni mo rán tí mo fi rí i, mi ò yá a. Má fi ra nǹkan kan. Mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò ní yàrá rẹ, ìyá rẹ sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọlọ́run tó mú ọ lọ á mú ọ dé ilẹ̀kùn wa láyọ̀. Tí o bá dé, má ṣàlàyé nǹkan kan fún wa. Ṣáà wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ.