Ìdí Tí Mo Fi Kun Fèrèsé Kan Lẹ́ẹ̀mẹta

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Orúnkún yín ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró. Ara tèmi le, mo sì ń jẹun.

Wọn kò mú mi fún olè jíjà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, ó wá fẹnu ara rẹ̀ parí ìyókù. Òótọ́ ni pé wọ́n bá mi lójú fèrèsé onífèrèsé. Akunlé ni mí, Ìyá. Níbo ni kí wọ́n ti bá mi?

Ilé bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ ni à ń kùn. Bí mo ṣe gun àkàbà dé ojú fèrèsé yàrá wọn, bàbá náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Kò ríran dáadáa mọ́. Ó ń fọwọ́ wá apá ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn aṣọ náà, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ rí wúruwùru. Nígbà tó jáde, ìyàwó rẹ̀ yọ́ wọlé, ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún un ká, ó sì tò ó síbi tí ọkọ rẹ̀ tò ó sí gan-an. Kò pòṣé. Ìyá, búrọ́ọ̀ṣì dúró sí mi lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan báyẹn ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún fèrèsé náà kùn kí n lè tún un rí. Lọ́jọ́ kẹta ńkọ́? Mo tún un kùn. Ọ̀dà wá ki débi pé fèrèsé lẹ̀ pinpin, kò ṣe é ṣí mọ́. Ọmọ wọn ọkùnrin tì í títí, ó figbe olè ta, ó ní, "Ta ló ń kun fèrèsé kan lẹ́ẹ̀mẹta? Kí lò ń ṣọ́ nílé bàbá mi?"

Ọ̀gá mi ní kí n sọ tẹnu mi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n kó ẹrù mi. Mo dákẹ́. Bàbá wà níbẹ̀. Bí mo bá sọ ohun tí mo rí, mo ti tú àṣírí ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Kàkà kí n ṣe bẹ́ẹ̀, kí iṣẹ́ lọ.

Àwọn tí mo ti kun ilé wọn ládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: nọ́ọ̀sì, tíṣà, àní télọ̀ tí èmi àti òun máa ń jà. Télọ̀ ló pariwo jù: "Alágídí ni, kì í ṣe olè!" Mo ń kà wọ́n. Nígbà tí mo ka ẹni kẹsàn-án, omi bo ojú mi, mo pa kíkà tì.

Ni bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fọmọ yìí sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń káṣọ ni mò ń gbóòórùn ọ̀dà rẹ̀. Ó rí ìyàwó mi níbi tó ti ń tún un ká. Ojú mi ló ń ṣàìsàn, ọwọ́ mi kò fọ́jú."

Ìyàwó rẹ̀ kígbe: "Ẹ̀yin bàbá yìí! Ẹ mọ̀, ẹ wá ń jẹ́ kí n máa yọ́ wọlé bí ológbò!"

"Bí mo bá sọ̀rọ̀, wàá gba aṣọ lọ́wọ́ mi."

Ọ̀gá kàn na ọ̀bẹ sí mi pé kí n lọ ha ọ̀dà náà kúrò. Bí fèrèsé ṣe ṣí, ìyàwó bàbá na ṣẹ́ẹ̀tì kan sí mi pé kí n bá wọn ká a. Mo ká a dáadáa lójú ara mi. Ó gbà á, ó wò ó, ó sì tún un ká lójú mi kòrókòró.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún mi, kí ẹsẹ̀ yín tún máa gbé yín káàkiri ilé.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín, olórí kunkun.

Àfikún: Ìyá, àwọn aṣọ tí mo máa ń ká nílé nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣé ẹ máa ń tún wọn ká lẹ́yìn mi? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn.