Aṣọ Ìṣeré Rewájú, Àbíkẹ́yìn Wa

Mo kí baálẹ̀ Aradagun, ẹni iyì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń tu ìlú lára. Mo kí olórí ẹbí Ajíbọ́lá. Mo kí pásítọ̀ wa, mo sì kí àwọn àlejò tó ti Gbaji àti Otto wá. Bí wọ́n bá ń ka ìwé yìí sí yín létí, èmi kò sí níbẹ̀ láti fún yín ní àga. Ẹ forí jì mí.

Èmi, Olúdọ̀tun Michael Ajíbọ́lá, aránṣọ àti oníṣòwò aṣọ ní Aradagun, sọ pé iyè mi pé, kò sì sí ẹni tó fipá mú mi kọ ìwé ìhágún yìí. Lọ́yà Jùmọ̀kẹ́ Ọmọ́níyì, obìnrin olóòótọ́, ni mo yàn láti mú un ṣẹ.

1. Ilé tí mo ń gbé di ti ìyàwó mi, Ruth. Ọmọ Ègùn ni. Nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ, àwọn ẹbí mi ní a kò ní gbọ́ èdè ara wa. A gbọ́ ọ. Ruth, o káre.

2. Ṣọ́ọ̀bù àti àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ di ti ọmọbìnrin mi, Ṣadé, tó máa ń fọwọ́ kan aṣọ lásán tí yóò sì mọ irú èyí tó jẹ́. Abetí-ajá mi, fìlà tó ní etí méjì, kí ẹ fún olórí ẹbí. Gọ̀bì, èyí tó ga tí a ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ti baálẹ̀ ni. Ẹtù, aṣọ òkè tó dúdú bí aró, ni kí ẹ fi sin mí. Sányán, èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí ẹ má sin ín mọ́ mi. Ruth ni ó ni ín. Mo ń ṣàlàyé nítorí pé ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó ń pín lè ṣì í pín.

3. Ilẹ̀ mi ní Gbaji di ti ọmọkùnrin mi, Dàmọ́lá, láìsí àdéhùn kankan. Ọmọ rere ni, òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń yìn.

4. Rewájú ni àbíkẹ́yìn wa. Ó gbá bọ́ọ̀lù tán létí òkun, ó bọ́ aṣọ, ó ká a sórí iyanrìn, ó wọ omi lọ lúwẹ̀ẹ́. Òkun kò dá a padà. Àṣà wa ni pé àbúrò ní í jogún aṣọ ẹ̀gbọ́n. Àgbà kì í jogún èwe. Rewájú kò ní àbúrò. Aṣọ rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò gbà á. Dàmọ́lá ní kí a sin aṣọ náà dípò òkú, mo ní rárá. Láti ìgbà náà ó ń kí mi, èmi náà ń dáhùn, ó parí síbẹ̀.

N kò sunkún nígbà náà, n kò sì sunkún bí mo ti ń kọ èyí. Orúkọ àwọn aṣọ náà ni mo ń pè. Jẹ́sì, ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Èmi ni mo rán an. Ṣòkòtò pénpé, tí kò dé orúnkún. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Bàtà bọ́ọ̀lù, tó ní kókó lábẹ́. Fẹ́ẹ̀sì-káàpù, fìlà tó ṣíji bo ojú nìkan. Iyanrìn ṣì wà nínú bàtà náà.

5. Tẹjúmádé, ọmọ Dàmọ́lá, ni a bí lẹ́yìn ikú Rewájú. Òun nìkan ló kéré sí Rewájú nínú ilé yìí. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ẹ̀kọ́, bàbá rẹ̀ sì ti ní kó jáwọ́. Ẹ̀rù ń ba Dàmọ́lá. N kò dá a lẹ́bi. Mo fi gbogbo aṣọ ìṣeré Rewájú fún Tẹjúmádé. Kọ́kọ́rọ́ àpótí tí wọ́n wà nínú rẹ̀, bàbá rẹ̀ ni mo fún.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 2024.
Olúdọ̀tun Michael Ajíbọ́lá

Àwọn ẹlẹ́rìí: Sùlàímọ́nù Àjàṣẹ́, Yọ̀mí Hùnsù.

Ìkéde: Lẹ́yìn kíkà ìwé mi yìí, pásítọ̀ yóò gbàdúrà, ẹ ó sì gbé àpótí náà síwájú Dàmọ́lá. Bí ó bá ṣí i, kí Tẹjúmádé bọ́ síwájú. Bí kò bá tíì lè ṣí i, mo bẹ yín, ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì dìde. Ẹ jókòó tì í.