Ìwé Tí Mo Fi Fà Ọ́ Lé Òyìnbó Lọ́wọ́

Ẹ̀yìn ọjà Takie,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Olúwafèyíkẹ́mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, kú ìrọ́jú yìí ló sì pọ̀ jù nínú ìkíni mi lónìí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun? Èmi náà wà, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi ṣe awuyewuye, ó sì ti mọ̀ pé n kò ní gbà fún òun. Ọlọ́run tí ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ èmi àti Leah ìyá rẹ nígbà tí ó wà láyé, tí ó fi ìwọ nìkan ṣoṣo jíǹkí wa, yóò dúró tì ọ́ ní Ìbàdàn níbẹ̀, kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Ṣe àmín sí i, bí o tilẹ̀ ń bínú, torí èèyàn kì í bá àdúrà jà.

Mo mọ̀ pé o ń bínú. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ méjì tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Mo kọ́kọ́ rò pé síìmù mi ni kò dára, ni mo bá ra tuntun, mo fi pè ọ́, o sì gbé e ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Bí mo ti ní Àbẹ̀kẹ́, èmi ni, ìpè náà já. Mo sọ fún ara mi pé káàdì rẹ ló tán. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé èmi ni mo pè. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé.

Àwọn ará ilé ń kí ọ. Òrùlé yàrá ìyá rẹ kò jò mọ́, kì í ṣe pé a tún un ṣe, òjò ló dín kù. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ra ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀rọ̀ orin hàn lára ògiri, gbogbo ènìyàn ló ń gbórí sókè bí adìyẹ tó ń mumi, ṣùgbọ́n èmi ṣì ń lo ìwé orin mi, torí ògiri kò ṣeé gbé lọ sílé. Ìròyìn ilé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn ló kún inú mi.

Kí n tó bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí n ròyìn bí ó ti rí lójú tèmi. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga òkè òkun yẹn kọ̀wé sí ọ ní oṣù kẹfà pé kí o wá fi ọdún méjì bá àwọn ṣe ìwádìí lórí ìdin inú máńgòrò, o wálé wá kà á fún mi ní pálọ̀, o sì ka gbogbo òfin wọn tẹ̀ lé e. Wọ́n ní o kò gbọdọ̀ wọ ìlú àwọn ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Mo ní irú àlejò wo ni à ń lé nítorí pé ó tètè dé, ṣùgbọ́n mo gba èyí náà, torí ìyàwó pàápàá ní ọjọ́ tí à ń gbé e wọlé. Wọ́n ní bí o bá ti dé, kí o lọ fi ara hàn ní ọ́fíìsì àwọn kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, kí o mú páásípọ́ọ̀tù dání. Èyí dùn mọ́ mi, ilé tí wọ́n bá ti ń retí ìyàwó ni wọ́n ti ń bèèrè bóyá ó ti dé. Wọ́n ní kí o sanwó àìsàn kí àìsàn tó dé, mo ní a kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù, o sì rẹ́rìn-ín, o ní ìnṣọ́ránsì ni. Wọ́n ní kí o lọ ya fọ́tò inú àyà, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí ikọ́ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n wò ó dáadáa, wọn yóò rí i pé inú ọmọ mi mọ́.

O tún ní báńkì yóò jẹ́rìí. Èmi náà kò jókòó, mo lọ sí báńkì mi, mo ní kí ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì jẹ́rìí mi pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni mí, n kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú báńkì náà láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó tẹ bébà kan fún mi, kìkì nọ́ńbà, kò sí ọ̀rọ̀ rere kan ṣoṣo nípa mi níbẹ̀. Mo ṣì tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì, bóyá ó máa wúlò.

Lẹ́yìn èyí ni o wá sọ ohun kan ṣoṣo tí o fẹ́ lọ́wọ́ mi. O ní àwọn tí ń fúnni ní físà ní Èkó máa bi ọ́ bóyá o ní ilé tí o máa padà sí, pé kí n kọ ìwé pélébé kan, kí n sọ pé èmi ni bàbá rẹ, pé ilé wà, pé mo mọ̀ sí ìrìn àjò náà. O ní ìlà mẹ́ta ti tó.

Èmi Josiah, ìlà mẹ́ta? O mọ̀ pé èmi ni ẹnu ẹbí wa. Bí a bá fẹ́ fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, èmi ni wọ́n ń pè. Ọmọbìnrin mẹ́tàlélógójì ni mo ti fi ẹnu yìí fà lé àna lọ́wọ́, kò sí ọ̀kan tó padà wálé. Àwọn ìyá wọn á máa sunkún, àwọn bàbá wọn á máa wo ilẹ̀, èmi á dúró ṣánṣán, ọ̀rọ̀ á sì máa yọ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn jù lọ, n kò tíì lò ó fún ẹnikẹ́ni, mo ń tọ́jú rẹ̀ dè ọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú rẹ̀. N kò bi ọ́ léèrè ọkọ rí, ìwọ náà lè jẹ́rìí mi, ìyá rẹ ló máa ń bi ọ́, èmi á ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ yìí wá fi ìwé tọrọ rẹ, tí wọ́n pe orúkọ rẹ ní kíkún, tí wọ́n ní inú àwọn dùn láti gbà ọ́, mo ní ọjọ́ mi ti pé.

Mo lọ bá Saifudeen tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Under G kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, ojú ìwé kan àti ààbọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Mo ní pẹ̀lú ìdùnnú ni mo fi fa ọmọ mi kan ṣoṣo lé yín lọ́wọ́. Mo ní láti òní lọ, ọmọ yín ni, kì í ṣe tèmi mọ́, bí ó bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá a wí. Mo ní ọ̀dọ̀ yín ni kó gbó sí, kó tọ́ sí, ibẹ̀ ni kó bímọ sí. Mo ní n kò ní gbà á padà, bó bá ká ẹrù dé ẹnu ọ̀nà mi, n kò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Nígbà tí Saifudeen tẹ̀ ẹ́ débẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró, ó ní Bàbá, ṣé kí òun fi èyí sí i bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ìyàwó mélòó ló ti fà fúnni rí. Ó ní òun kò fa ọ̀kan rí, àkọ́bí òun ṣì wà ní pámárì. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò ìwé náà pa, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má já a àfi ẹni tí a kọ ọ́ sí. Nítorí pé mo tọ́ ọ dáadáa, o kò já a. Bí mo bá ti kọ́ ọ ní ọ̀fíntótó díẹ̀, ì bá sàn fún wa.

Mo gbọ́ pé wọ́n gba àmì ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní Èkó, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ, kí obìnrin tó wà lójú fèrèsé tó ṣí ìwé mi. O pè mí láti ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. O ní wọ́n ti ka ìwé mi sí ọ létí, wọ́n ní ṣé bàbá rẹ ló kọ ọ́, o sì ní bẹ́ẹ̀ ni. O kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí o tó pa fóònù. Àbẹ̀kẹ́, o lè ti sọ pé o kò mọ̀ mí rí. Mo ti rò ó títí, ìwọ̀nba irọ́ kékeré kan ni ì bá gbà ọ́, o kò sì pa á.

Lẹ́yìn náà ni o fi ìwé tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ ránṣẹ́ sí fóònù Saifudeen, láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ó kà á fún mi. Ó ní wọ́n ní o kò fi hàn pé o ní ohun tó so ọ́ mọ́ ilé tí yóò mú ọ padà. Mo ní ohun bí i kí ni. Ó ní bí ilẹ̀, bí ọkọ, bí ọmọ, bí iṣẹ́. Mo dúró kó dárúkọ bàbá, kò dárúkọ rẹ̀. Mo ní ṣé ọmọ tí kò ní padà kọ́ ni wọ́n ń fẹ́ ni. Ó ní rárá, òfin irú físà yẹn ni pé kí èèyàn ṣe ìwádìí rẹ̀ tán kó sì padà sílé, ẹni tí wọ́n bá fura sí pé kò ní padà, wọn kì í jẹ́ kó wọlé rárá. Ní gbogbo ayé mi, n kò gbọ́ irú àna bẹ́ẹ̀ rí. Mo bínú sí Saifudeen, mo ní kí ló dé tí kò fi agbára dá mi dúró. Ó kàn gbé àga sún mọ́ mi, ó ní kí n jókòó.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kejì láti bẹ Comfort, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, kó bá mi bẹ̀ ọ́. Mo rò pé wọn yóò nà mí ní pàṣán ọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n wá bi mí bóyá mo rántí ohun tí bàbá wọn sọ fún Leah lọ́jọ́ tí mo gbé e kúrò ní Ọ̀yọ́. Mo ní mo rántí, bàbá ní kó má wẹ̀yìn, ilé ọkọ ni ilé rẹ̀. Comfort ní ṣé mo mọ ohun tí bàbá wọn ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, láti Àjíǹde títí di Kérésì tí èmi àti Leah fi wá kí wọn, ni bàbá náà ń dé fìlà lọ sí gáréèjì Ọ̀wọ́dé, tí wọ́n ń jókòó síbi tí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń já èrò sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi bàbá náà, wọ́n á ní àwọn ń retí ẹnì kan. Leah kú, kò gbọ́ ọ. Comfort ní àwọn ọkùnrin nìkan ni kò mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ má-wẹ̀yìn náà, àwọn obìnrin ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Mo sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, Fèyíkẹ́mi. Mo rántí bí àwọn bàbá yẹn ṣe ń wo ilẹ̀ nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn. Mo dúró ṣánṣán níwájú wọn nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tó jẹ́ tèmi.

Saifudeen, ẹni tí o ṣì ń gbé fóònù rẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ náà ti tún kọ̀wé, pé àwọn yóò di àyè rẹ mú títí di ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní, bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ló ni ín. Ó ní o gbọ́dọ̀ tún gba ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Èkó, o kò sì tíì gbà á. Mo bẹ̀ ọ́, gbà á. Má fi ìbínú sí bàbá rẹ ba iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ jẹ́. Mo ti kọ ìwé mìíràn, ó wà nínú èyí, n kò lẹ̀ ẹ́ pa, kà á. Ìlà mẹ́ta ni. Mo ní mo parọ́ nínú ìwé àkọ́kọ́. Mo ní ọmọ mi kan ṣoṣo nìyí. Mo ní mo fẹ́ kó padà wá. Saifudeen fẹ́ tún òyìnbó rẹ̀ ṣe, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé wọ́n dárúkọ ilẹ̀, mo ti pe àwọn àgbà ẹbí, a ti fi ilé yìí sí orúkọ rẹ, wọ́n fọwọ́ sí i. Igi máńgòrò mẹ́fà tó wà lẹ́yìnkùlé náà, mo ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ sí wọn lára, kí òyìnbó tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò má baà ní ìṣòro. Márùn-ún ni mo kọ kí ọ̀dà tó tán. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó ọ̀dà ránṣẹ́ sí mi fún ìkẹfà, kí o sì fi ti epo fún orúnkún mi kún un. Bí kò bá sí, má da ara rẹ láàmú.

Bí wọ́n bá tún bi ọ́ pé kí ló wà nílé tí yóò mú ọ padà, sọ pé bàbá mi ni. Bí wọ́n bá ní èyí kò tó, má bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ àwọn ló sọ pé n kò tó, kó má ṣe jẹ́ ìwọ.

Ọlọ́run yóò lànà fún ọ, ọwọ́ rẹ yóò ká iṣẹ́ rẹ, ilẹ̀ àjèjì kò ní bá ọ ṣọ̀tá. Àdúrà tí mo máa ń gbà fún àwọn ọmọbìnrin tó bá ń lọ parí síbẹ̀. Èyí tí n kò gbà fún ẹnikẹ́ni rí ni mo fi kún tìrẹ, pé kí ó mú ọ padà, kí n sì wà láyé láti ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Josiah.