Ewé Tí O Fi Hàn Dọ́kítà

Ìyá Fikáyọ̀,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Èmi wà lálàáfíà ní Àjáh níbí. Inú ilé tí a ń kọ́ náà ni mo ń sùn. Atẹ́gùn títì márosẹ̀ ń wọlé dáadáa, torí a ò tíì fi fèrèsé sí i.

Mo rí fọ́tò tí Fikáyọ̀ fi ránṣẹ́. Inú mi dùn pé Dọ́kítà Akínbọ̀dé ti yunifásítì ń ṣe ìwádìí ewé ibà lọ́dọ̀ yín, àti pé ìwọ lo ń mú un wọ igbó. Bàtà òjò mi bá a lẹ́sẹ̀ mu gan-an. Èmi kúkú ò sí nílé tí n ó fi wọ̀ ọ́.

Kí ìyá mi tó kú ni wọ́n fi ewé yẹn hàn ọ́. Mo bi ọ́ léèrè orúkọ rẹ̀. O ní obìnrin ilé nìkan ló ń mọ̀ ọ́n, pé bí ọkùnrin bá ti dá a mọ̀, kò ní wo ibà mọ́. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn, mi ò tún bèèrè. Ṣé Dọ́kítà kì í ṣe ọkùnrin ni?

Fikáyọ̀ ní wọ́n ti fún eku ní omi ewé náà mu ní yunifásítì, ibà sì fi eku sílẹ̀. Mo bá eku yọ̀.

Ara tèmi le. Òtútù kàn ń mú mi láti ọjọ́ Ajé ni, ọ̀gá wa ní kí n má gun òkè ilé títí ọwọ́ mi yóò fi yéé gbọ̀n. Bí àlejò bá fún ọ láyè, bá mi gún díẹ̀ nínú ewé náà, kí o fún onímọ́tò tó ń bọ̀ l'Ékòó. Gún un kúnná, kí n má baà dá a mọ̀.

Kí Fikáyọ̀ fún mi. Kí Dọ́kítà náà, ní kó dá bàtà mi padà síbi tó ti bá a.

Èmi ni,
Bàbá Fikáyọ̀