Ẹni Tó Gbé Fóònù Tí Kò Fọhùn

Ìyìn-Èkìtì,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1998.

Olúrántí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara rẹ le, ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé omi ń yọ nínú ilé tí o gbà, ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kì í kanra mọ́ ọ? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò nílé ní oṣù kìíní kò ní sọ ọ́ nù sí Èkó. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ àwọn tí wọn yóò fún ní nǹkan rere, wọn kò ní fo tìrẹ. Ìyá wa Màríà yóò máa dì ọ́ lọ́wọ́ mú kọjá títì, pàápàá ní oṣù Rósárì tí a wà yìí. Ó dá mi lójú pé o ti ṣe àmín. Tí o kò bá tíì ṣe é, jọ̀wọ́ dúró kí o ṣe é kí o tó kà á lọ.

Lẹ́tà yìí ni àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sí ọ. Àwọn tí o ti ń gbà tẹ́lẹ̀, Nọ́ọ̀sì Monínúọlá aládùúgbò wa ni wọ́n ń bá mi kọ wọ́n, àwọn náà ni wọ́n ni tẹlifóònù tí o máa ń pè ní gbogbo Sọ́ńdè. Mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ìjọ dá sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún kìíní ni mo wà, èmi ni mo sì dàgbà jù ní kíláàsì. Tíṣà wa, Títílayọ̀, sọ pé mo ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni àbí àánú mi ló ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti fa ìwé yìí ya kí n tó dé ibi tí mo dé yìí. Níbi tí o bá ti rí àṣìṣe, fojú fò ó, má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kà á. Mi ò lè ní kí Nọ́ọ̀sì bá mi kọ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn náà wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè tó kọjá ni. Mo mọ̀ pé inú bí ọ. O pè, ẹnì kan gbé fóònù, kò fọhùn, ó kàn ń mí sí ọ létí, owó káàdì rẹ sì ń lọ. Ẹni yẹn kì í ṣe olè, orí rẹ̀ kò sì dàrú. Mo fẹ́ sọ ẹni tó jẹ́ fún ọ, ṣùgbọ́n tí mi ò bá kọ́kọ́ ṣàlàyé, ìwọ yóò rò pé orí gbogbo wa ló dàrú.

Olúrántí, bàbá rẹ rò pé o ti kú.

Má kígbe. Jókòó kí o kà á. O rántí àbúrò bàbá rẹ, Olúgbénga, tó wà ní Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí Olúgbénga kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ bàbá rẹ lẹ́nu, dókítà sì ní kí a má jẹ́ kó gbọ́ ohun tó lè dẹ́rù bà á. Gbogbo ilé mọ̀, gbogbo ìjọ mọ̀, òun nìkan ni kò mọ̀, ogójì ọjọ́ gbáko. Èmi ni mo máa ń sọ fún un láràárọ̀ pé Olúgbénga kí i, pé ara rẹ̀ le, pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Nígbà tí a fẹ́ sọ ọ́, a mú un lọ sí pálọ̀ Nọ́ọ̀sì, a fi í jókòó sórí àga gígùn, a bu omi tútù fún un, katikíìsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ ní àdúrà. Ó ti mọ̀ kí a tó la ẹnu.

Láti ìgbà tó ti já bọ́ lórí igi obì ní oṣù keje tí wọ́n sì fi ṣìmẹ́ńtì funfun ilé ìwòsàn dì í láti ìbàdí dé orúnkún, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Kò lè bá mi lọ sí ilé Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Sọ́ńdè mọ́. Èmi ni mo ń lọ gbọ́ ohùn rẹ, tí mo bá sì padà dé, tó bá bi mí pé báwo ni ọmọ òun, mo máa ń sọ fún un pé o kí i, pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ. Òótọ́ ni mo ń sọ! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Olúgbénga náà ni, bí mo ṣe ń sọ ọ́ nígbà yẹn gẹ́lẹ́. Mi ò tiẹ̀ fura. Ọjọ́ tí mo sọ pé kí a wá ọkùnrin mẹ́rin tí yóò gbé e lọ sí pálọ̀ Nọ́ọ̀sì kó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, ó wò mí títí, ó ní ṣé wọ́n ti bu omi náà sínú ife.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo búra fún un. Mo ka lẹ́tà rẹ fún un, ó ní ẹnikẹ́ni ló lè kọ lẹ́tà. Kò jẹ iyán mọ́, kò jẹ ọbẹ̀, ògì nìkan ló ń mu, ìyẹn pàápàá ká tó bẹ̀ ẹ́. Ilé ìwòsàn sì ní kí a mú un wá sí Adó ní Fúráìdè ọ̀túnla yìí, kí wọ́n gé ṣìmẹ́ńtì náà kúrò kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìrìn. Ó ní òun kò lọ. Ó ní ọ̀dọ̀ ta ni òun fẹ́ rìn lọ.

Mo wá rántí tẹlifóònù dúdú ògbólógbòó tí o fi rán awakọ̀ sí wa ní oṣù kẹjọ, èyí tí wọ́n pààrọ̀ ní ọ́fíìsì yín. Mo fi ọṣẹ nù ún, mo gbé e ka orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ, mo ká okùn rẹ̀ jọ kó má baà kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, mo fi aṣọ bò ó nítorí eruku. Èrò mi ni pé níwọ̀n ìgbà tó ti bá ọ gbé ní ọ́fíìsì, ó ti mọ̀ ọ́, kò ní ṣòro fún un láti rí ọ. Aago mẹ́rin lù ní Sọ́ńdè, kò dún. Aago márùn-ún lù. Bàbá rẹ wò ó, ó wò mí, ó ní a ti bẹ tẹlifóònù náà pé kó má sọ fún òun.

Mutallib ló gbà wá. Ọmọ Adó ni, òun ló ń tún rédíò ṣe níbí ní ọjọ́ ọjà. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ṣí fìlà. Ó ní Màmá, fóònù yín ní ẹnu, ó ní etí, kò ní ọ̀nà ni. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é bó ti wù kó gbó tó, pé tí òun bá fa wáyà láti ibi tí ti Nọ́ọ̀sì ti wọ ara ògiri wá sí ọ̀dọ̀ wa, ìpè tó bá dé ọ̀hún yóò dún níhìn-ín náà. Nọ́ọ̀sì lọ́ tìkọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé ohùn yóò pín sí méjì, tí àwọn tó ti ń gbọ́ odidi láti ọjọ́ yìí yóò wá máa gbọ́ ààbọ̀. Èmi náà pe Mutallib sí kọ̀rọ̀, mo bi í bóyá ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò máa dé ọ̀dọ̀ wa. Ó fi Ọlọ́run búra pé odidi ni ní ilé méjèèjì. Ó so wáyà náà gba orí igi obì kọjá, igi tó gbé bàbá rẹ ṣubú náà, mo sì bá igi náà sọ̀rọ̀ pé kó fi èyí wẹ ara rẹ̀ mọ́. Mutallib ní kí n fi ọ̀rá wé ibi tó ti so wáyà pọ̀ nítorí òjò. Mo wé ibẹ̀, mo sì wé gbogbo ibi tí ọwọ́ mi tó, kí òtútù má baà mú ohùn rẹ lójú ọ̀nà.

Wáyà kò tó. Ojú fèrèsé ló parí sí. A wá gbé bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàbá rẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ń bi wá pé àwọn wo ló ń bọ̀ wá kí òun.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù yìí, ó dún! Ó dún ní ilé wa, ó dún ní ilé Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gbé tiwọn, mo gbé tiwa. Olúrántí, má bínú sí mi. Mi ò tíì rí Nọ́ọ̀sì láti ìgbà tí a ti jáde Máàsì, wọ́n sì dàgbà jù mí lọ. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn ni mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n béèrè ara bàbá rẹ, mo sọ fún wọn, wọ́n ní ṣé ó mu ògì, mo ní ó mu ún, wọ́n ní ṣé mo fi mílíìkì sí i. Mo ń gbọ́ ọ láàárín wa tí o ń pe Màámi, Màámi, ṣùgbọ́n ṣé mo lè fi àgbàlagbà sílẹ̀ sáàárín ìkíni ni? Ká tó kí ara wa tán, káàdì rẹ ti tán.

Bàbá rẹ ti na ọwọ́ láti gba fóònù láti ìgbà tó ti dún. Kò gbọ́ ìwọ rárá. Èmi ló rí lórí ìkúnlẹ̀, tí mo ń kí Nọ́ọ̀sì. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà sábẹ́ aṣọ, ó ní Nọ́ọ̀sì ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti oṣù keje wá nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò mu ògì mọ́, omi lásán ni.

Nígbà tí Sọ́ńdè kejì yóò fi pé, èmi àti Nọ́ọ̀sì ti ṣe àdéhùn. Wọ́n gbé àga jáde sí iwájú ilé wọn, wọ́n fi ìborùn wé ọwọ́ méjèèjì kó má baà ṣèèṣì ki fóònù mọ́lẹ̀. Èmi jáde sí ẹ̀yìn fèrèsé kí ìkíni kankan má baà ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ nìkan la fi sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Ó dún. Ó gbé e.

Òun ni, Olúrántí. Bàbá rẹ lo bú.

Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. Ó ní tí òun bá pe orúkọ rẹ, ọmọbìnrin èyíkéyìí tí a bá bẹ̀ lọ́wẹ̀ yóò sọ pé ẹ̀n bàbá, èmi ni. Ó ní kí ẹni náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí òun gbọ́. O ní hẹ́lòó, kò dáhùn. O tún ní hẹ́lòó, kò dáhùn. O wá fi èdè Ìyìn bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn fèrèsé. O ní irú ìwà rádaràda wo nìyí, o ní ta ló ń mí bí ẹni tó gbé uṣu gun òkè, o ní kí ẹni náà gbé fóònù sílẹ̀ tí kò bá ní iṣẹ́ kankan láyé yìí, pé owó ni o fi ra káàdì, kì í ṣe èèpẹ̀. Èyí tó kù, mi ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí bírò ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kọ̀wé. Lẹ́yìn náà o jan fóònù mọ́lẹ̀.

Mo wọlé pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó ti rọra gbé fóònù sí ipò rẹ̀, ó tún ti fi aṣọ bò ó. Ojú rẹ̀ tutù. Ó bi mí bóyá uṣu wà nílé.

Ó ní ẹni tó ti kú kò ní máa bínú nítorí owó káàdì. Ó ní ọmọ tí a bá bẹ̀ lọ́wẹ̀ kò jẹ́ bú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, pé ẹnì kan ṣoṣo ló ti sọ ọ̀rọ̀ mímí òun fún òun rí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹni náà nígbà yẹn, ó sì gbé ẹní rẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Mo gún iyán, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n gún òmíràn. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i báyìí ló ń ka èébú rẹ fún láti òkè délẹ̀, mo sì rò pé ó ti ń fi díẹ̀ kún un. Ó ti ní kí n fọ fìlà òun sílẹ̀ de Fúráìdè, pé a ń lọ sí Adó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó pè mí, ó ní kí n má bínú pé òun kò gbà mí gbọ́. Mo ní kò sí nǹkan, pé èmi ni mo kọ́ ọ láti má gbà mí gbọ́, láti ìgbà Olúgbénga. Ó di ọwọ́ mi mú títí ògì tí mo gbé kaná fi jóná.

Wàyí o, jọ̀wọ́ ọmọ mi, bí owó oṣù bá ti wọlé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra wáyà sí i, kí bẹ́ẹ̀dì lè padà sí ipò rẹ̀, nítorí òjò ń ta sí bàbá rẹ lára lójú fèrèsé, kò sì gbà kí a gbé òun kúrò níbi fóònù. Fi owó ọkọ̀ Adó tí a yá kún un. Mo fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ kó lè bá ọ kí ó tó di Sọ́ńdè. Tí o bá pè, òun ni yóò gbé e, yóò sì fọhùn lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí o tó kí i, kọ́kọ́ bá a wí díẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohùn rẹ kò ní wọ́n wa. Ẹnikẹ́ni kò ní fi omi tútù pe bàbá rẹ jókòó nítorí rẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní fi pe ìwọ nítorí tiwa. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí owó tí o ń tìtorí rẹ̀ bínú ní Èkó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́,
Ayọ̀níkẹ́.