Nọ́ńbà Ibi Tí Bàbá Rẹ Sùn Sí

Ọmọ mi àtàtà,

Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́? Àwa wà, a dúpẹ́, àfi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Kí Ọlọ́run Ọba máa ṣọ́ ọ láàárín èrò tí kò mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́.

Àwọn ará iléeṣẹ́ omi ti dé ọ̀dọ̀ wa o. Irú awò dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ tí o ní o fi ń rí páìpù nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n fi sójú. Ọ̀kan nínú wọn ń fi ìka tẹ afẹ́fẹ́ láìsí nǹkan kan níbẹ̀, mo sì kí i pé pẹ̀lẹ́, mo rò pé ara rẹ̀ kò yá ni. Wọ́n ní páìpù máa gba inú itẹ́ òkú kọjá, níbi tí àgbàrá èṣí ti gbé gbogbo pátákó orí sàréè lọ. Kí olóòkú kọ̀ọ̀kan wá dúró sórí ẹni tirẹ̀, kí ọ̀pá onírin wọn béèrè ibẹ̀ lọ́wọ́ sátẹ́láìtì tó wà lókè, kí àwọn tó máa gbẹ́lẹ̀ lè rí i nínú awò, kí wọ́n yà fún un.

Mo ní ṣé sátẹ́láìtì náà kò rí wa lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ ni, òun tí kò ríṣẹ́ méjì ṣe? Ọ̀gá wọn ní kò mọ òkú. Mo ní kí ó kúkú fi awò wo abẹ́ ilẹ̀, á dá a mọ̀, ọkùnrin gíga ni, aṣọ búlúù la wọ̀ fún un. Ó ní ohun tí èèyàn bá kọ sínú awò nìkan ni awò ń fi hàn. Ọmọ mi, ṣé bí tìrẹ náà ṣe rí nìyẹn? Èmi tí mo ti fi ọ́ yangàn kárí àdúgbò!

Mo dúró ṣá. Wọ́n kọ nọ́ńbà gígùn méjì tí sátẹ́láìtì fún wọn sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ti bàbá rẹ ni. Mo gbé e lọ bá télọ̀ kí ó fi fóònù rẹ̀ bá mi pè é. A pe èkínní, a pe èkejì, obìnrin inú fóònù ní kò sí nọ́ńbà tó jọ ọ́. Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó ní Ìyá Onínọ́ńbà, ṣé wọ́n ń ta káàdì fóònù lọ́hùn-ún ni? Ó sì gbowó ìpè tí kò wọlé lọ́wọ́ mi. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ìdí ni pé ibi tí mo dúró sí kò dá mi lójú. Òkúta ńlá kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀, bí a bá ti ẹnu ọ̀nà wọlé, ni mo dúró sí, nítorí èrò ń tì mí lẹ́yìn, ojú sì ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ ibi tí ọkọ mi sùn sí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹkún kò jẹ́ kí n ríran, ìwọ lo di apá mi mú. Bó bá jẹ́ apá òsì ni, èmi gan-an ni mo fa bàbá rẹ lé katapílà lọ́wọ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀gá rẹ bá gbà, wá fúnra rẹ. Bí kò bá gbà, fi owó ọkọ̀ rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, kí n lọ bá wọn ní ọ́fíìsì kí wọ́n tún un kọ: ọkọ̀ méjì ni àlọ, méjì ni àbọ̀, mi ò ka oúnjẹ mọ́ ọn. Ọjọ́bọ̀ ló ń padà bọ̀ síbí. Kọ ọ̀rọ̀ kan péré sórí ìwé mọ́ owó náà fún mi, ọ̀tún tàbí òsì.

Ọlọ́run yóò mú ọ pẹ́ láyé jù wá lọ, o ò sì ní wá ẹni tí o fẹ́ràn tì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ